Ṣọ́ọ̀kì wo ló yẹ Hilux tàbí Tacoma tí a ti gbé sókè? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Píkọ́ọ̀pù Toyota méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: Hilux tí gbogbo wa mọ̀ lójú ọ̀nà oko àti níbi iṣẹ́ kọngílá nílé, àti Tacoma tí àwọn èèyàn wa ń wà ní Houston àti Atlanta, tí àwọn kan sì ń gba ojú òkun wọlé bíi tòkúnbọ̀. Hilux onítáyà mẹ́rin tó ń fà láti 2005 wá, àti Tacoma láti 1995 títí dé 2023, jọra lábẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tó wà nínú sípíríǹgì ló wà níwájú, lífì (àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra) ló wà lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sì dá dúró lọ́tọ̀. Ohun tí mo bá sọ nípa ọ̀kan bá èkejì mu, àfi níbi tí mo bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ọkọ sókè?

Rárá o. Sípíríǹgì àti lífì ló ń ru ọkọ. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni pé kó má jẹ́ kí wọ́n máa jó lọ jó bọ̀ lẹ́yìn tí táyà bá ti jáde nínú kòtò. Nínú rẹ̀, písítìn ń ti ọ́ìlì gba àwọn ihò tóóró kọjá. Agídí ọ́ìlì yẹn ló ń sọ fífò tí ọkọ ń fò di ooru, ooru náà á sì bá atẹ́gùn lọ. Ìdí nìyẹn tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná tí ẹ bá ti ojú ọ̀nà búburú dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ní ṣọ́ọ̀kì tó máa gbé ẹ̀yìn Hilux yín sókè torí ẹrù, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí lífì.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń rú èèyàn lójú. Bilstein 5100 ti iwájú, ṣọ́ọ̀kì tí ilé iṣẹ́ Bilstein ń ṣe, ní àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀, àwo tí sípíríǹgì jókòó lé sì ṣeé gbé láti ìlà kan sí òmíràn. Ọkọ á ga lóòótọ́, àmọ́ sípíríǹgì tí àwo yẹn ń tì ló gbé e, kì í ṣe ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì.

Wọ́n ti gbé iwájú Hilux mi sókè ní ínṣì 2. Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì?

Ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe gbé e. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ba wò.

Bó bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní spacer ni wọ́n fi sórí ṣọ́ọ̀kì, gígùn ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kò yí padà, àyè tó ní láti lọ àti láti bọ̀ kò sì pọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ kàn sún wá sí ìsàlẹ̀ ni. Níwájú, spacer ínṣì kan ń gbé ọkọ tó ínṣì méjì, torí pé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti de ṣọ́ọ̀kì mọ́ lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú). Nígbà tí táyà bá já sí kòtò, á já ju ibi tí Toyota fẹ́ kó dé lọ, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè àti CV joint (oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà) ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà tí táyà bá gba òkè, ṣọ́ọ̀kì lè lù kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí bump stop, rọ́bà tó ń gba ìkọlù ní òpin ìrìn táyà, tó dá a dúró. Irin á wá máa kan irin, títí tí ìdí ṣọ́ọ̀kì fi máa bẹ́.

Bó bá jẹ́ sípíríǹgì tó gùn ni wọ́n fi sára ṣọ́ọ̀kì tó bá ọkọ wá, ìṣòro náà gba ibòmíràn yọ. Ọkọ dúró jẹ́ẹ́ lásán, ṣọ́ọ̀kì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ẹ máa gbọ́ "kọ́ọ́!" níwájú nígbà tí táyà bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bọ́m̀pù. Ṣọ́ọ̀kì tó nà dé òpin ló ń ké bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi: tí gígasókè ọkọ kò bá ju ínṣì kan lọ, tí ṣọ́ọ̀kì sì ṣì dáa, ẹ lè máa lò ó lọ. Tó bá ti di ínṣì 2, ẹ wá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ọkọ tó ga bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì yọ spacer kúrò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ gígùn ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí màá rà?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí, ó sì máa ń dùn mí pé orúkọ tó gbajúmọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Ṣọ́ọ̀kì tó kúrú jù á so axle (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) rọ̀, kò ní jẹ́ kí táyà kan ilẹ̀ nínú kòtò. Èyí tó gùn jù á lù kanlẹ̀, á sì já níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ṣásì. Téèpù ìwọ̀n lẹ máa lò.

Ẹ gbé ọkọ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú ẹrù tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn àárín bóòtù òkè sí àárín bóòtù ìsàlẹ̀ níbi tí ṣọ́ọ̀kì wà. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 20. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà bump stop àti ibi tó máa ń gúnlẹ̀ sí lórí axle. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 4. Tí axle bá gòkè dé ibi rọ́bà, ìnṣì 16 ló kù fún ṣọ́ọ̀kì. Rọ́bà náà á tún tẹ̀ díẹ̀ tí kòtò bá le, ẹ yọ ínṣì kan sí i, ó di 15. Ẹ wá yọ ìdajì ínṣì fún ààbò. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà, nígbà tí wọ́n bá tì í pa pátápátá, kò gbọ́dọ̀ gùn ju ínṣì 14 àtààbọ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kì í dúró ṣánṣán, nítorí náà kì í rìn tó bí axle ṣe rìn. Ìyẹn ń fi ààbò kún ìṣirò yìí ni, kò bà á jẹ́.

Ó ku bó ṣe máa nà tó. Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ lábẹ́ ṣásì, ẹ fi ìdúró irin tì í dáadáa, kí axle wá rọ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ họ́ọ̀sì bíréèkì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: ibi tí họ́ọ̀sì bá ti fẹ́ máa fà ni ẹ ti máa dúró. Ẹ wọn àárín bóòtù méjèèjì níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kò gbọ́dọ̀ nà jù ìyẹn lọ, torí pé òun ló máa di axle mú kí họ́ọ̀sì má baà já.

Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ìwé ọjà rẹ̀, bó ṣe gùn tó nígbà tó bá pa dé àti nígbà tó bá nà tán. Ẹ fi wé tiyín kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá rí i pé ṣọ́ọ̀kì tó nà tó kò pa dé tó, ẹ fi nǹkan sábẹ́ rọ́bà bump stop kó lè tètè gba ìkọlù.

Onítúùbù kan tàbí onítúùbù méjì, èwo ló dáa jù?

Onítúùbù méjì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tó ń bá ọkọ wá. Písítìn ń rìn nínú túùbù inú, ọ́ìlì tó pọ̀ ju sì ń bọ́ sí àárín túùbù inú àti tòde. Gáàsì díẹ̀ wà lókè ọ́ìlì náà. Tí ọkọ bá sáré pẹ́ lórí ilẹ̀ pupa tó ti di ìgbì kéékèèké, irú èyí tó pọ̀ ní Òkè-Ògùn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ́ìlì á gbóná, á sì máa hó bí omi ọṣẹ. Písítìn kò lè rí ìfófó tì. Awakọ̀ á rí i pé ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, pé ẹ̀yìn ń yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Onítúùbù kan kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì náítírójìn wà ní ìdí rẹ̀, písítìn kejì tó dá lé ọ́ìlì ya òun àti ọ́ìlì sọ́tọ̀, agbára tí wọ́n sì fi dè é lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti inú táyà. Pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀, ọ́ìlì kì í rí àyè hó. Ọ́ìlì náà tún fara kan ara túùbù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ooru kì í pẹ́ jáde. Ará Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, ló ṣe irú ṣọ́ọ̀kì yìí, Bilstein ti ilẹ̀ Jámánì sì gbé e dé abẹ́ ọkọ Mercedes-Benz ní 1957.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti dúró síbí, wọ́n á ní kí gbogbo ayé ra onítúùbù kan. Èmi kò gbà. Ara túùbù náà ni písítìn ń fi ṣe ọ̀nà. Tí òkúta bá fò wá tẹ̀ ẹ́ wọnú, písítìn á há síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ti kú nìyẹn. Onítúùbù méjì lè gba irú òkúta bẹ́ẹ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ, nítorí túùbù tòde nìkan ló tẹ̀. Fún Hilux tó ń wọ oko kòkó lójoojúmọ́, tí kì í sáré, tí kùkùté àti òkúta ń gbá abẹ́ rẹ̀, onítúùbù méjì tó nípọn ni mo máa yàn. Fún ẹni tó ń sáré lọ sọ́nà jíjìn, onítúùbù kan ni.

Àwọn ṣọ́ọ̀kì tó ní ìgò ọ́ìlì (reservoir) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Ìgò yẹn ń fi kún ọ́ìlì àti gáàsì, ó sì ń jẹ́ kí ara ṣọ́ọ̀kì ní àyè tó pọ̀ sí i fún ìrìn písítìn. Ìwúlò rẹ̀ wà níbi eré sísá tó pẹ́ lórí ilẹ̀ burúkú, bí aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Tí ọkọ yín bá ń lọ sí ọ́fíìsì, sí ọjà àti sí oko, owó tí ẹ máa fi kún un torí ìgò, ẹ fi tún lífì àti búṣì ṣe.

Hilux mi ń ru ẹrù gan-an. Ṣé ṣọ́ọ̀kì tó le jù ni kí n rà?

Lífì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá ti tẹ́ tàbí tó ti tẹ̀ sódì, kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè wò ó sàn. Ẹ ṣèṣirò ẹrù yín pẹ̀lú: àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 750. Tí èèyàn márùn-ún bá tún wọlé, ẹ ti kọjá tọ́ọ̀nù kan, ibẹ̀ sì ni agbára Hilux olílẹ̀kùn mẹ́rin máa ń mọ.

Ṣọ́ọ̀kì àti lífì gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Lífì tó le máa ń ta ọkọ padà sókè pẹ̀lú agbára, ó sì nílò ṣọ́ọ̀kì tó lè fà á sẹ́yìn nígbà tó bá ń nà. Tí ẹ bá wá fi ṣọ́ọ̀kì líle sórí lífì tó rọ̀, lọ́jọ́ tí ọkọ bá ṣófo, ẹ̀yìn kò ní tètè nà padà láàárín kòtò kan sí èkejì, ọkọ á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé orí bump stop. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn kí èèyàn ra sípíríǹgì, lífì àti ṣọ́ọ̀kì papọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á bí ẹrù tó ń wà nínú ọkọ yín *nígbà gbogbo* ṣe wúwo tó: irin iwájú, wíǹṣì, àpótí irinṣẹ́. Ẹrù tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń yan lífì.

Nínú àwọn tó wà lọ́jà, èwo lẹ máa sọ pé kí n rà?

KYB ti Japan ni yóò rọrùn jù láti rí nílé. Fún ọkọ tí kò ga, ó dáa. Ẹ kàn máa ṣọ́ra pé èyí tí wọ́n bá gbé fún yín lè jẹ́ ti ọkọ tí wọn kò gbé sókè, torí náà ẹ mú nọ́ńbà téèpù yín dání lọ.

Old Man Emu ti ARB, ilẹ̀ Australia, ni mo kà sí èyí tó bá Hilux tó ga ní ínṣì 2 tó sì ń ṣiṣẹ́ mu jù. Nitrocharger wọn jẹ́ onítúùbù méjì tó nípọn, wọ́n sì ń ya sípíríǹgì àti lífì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù ọkọ bá ṣe rí. Bilstein 5100 jẹ́ onítúùbù kan, písítìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 46. Ó máa ń di ọkọ mú ṣinṣin lórí títì, kì í jẹ́ kó dà sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Àwọn kan ní ó le díẹ̀ nínú gálọ́ọ̀pù kéékèèké, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Bilstein 6112 ti iwájú ní písítìn mìlímítà 60, ó gbé ooru dáadáa ju 5100 lọ. Fox 2.0 rọ̀ jẹ́jẹ́. King 2.5 àti Fox 2.5 dára púpọ̀, wọ́n sì ṣeé tú palẹ̀ tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti máa rí sílì àti náítírójìn tó bá yá. Ní Houston, ìyẹn kò ṣòro. Ní Ìbàdàn, ẹ wádìí rẹ̀ ná kí ẹ tó náwó.

Tacoma tí wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà ti ga kó tó dé. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀?

Ẹ fọ abẹ́ ọkọ, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa fi rí bó ṣe gùn tó àti ọkọ tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan pinnu, torí ẹnikẹ́ni lè ra ọ̀dà. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn: Tacoma TRD Pro láti 2017 bá Fox jáde láti ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀.

Ẹ wo orí ṣọ́ọ̀kì iwájú bóyá spacer wà níbẹ̀, ẹ wo àárín lífì àti axle bóyá wọ́n fi irin gíga sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni wọ́n gbé sókè kó kàn lè rẹwà lójú, wọn kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì rárá. Ẹ wo ìpáta pẹ̀lú, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òjò dídì máa ń jẹ abẹ́ àwọn ọkọ tó wá láti ìhà àríwá Amẹ́ríkà.

Ṣé mo lè ra ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀ ní Ladipo tàbí ní Araromi, Gate?

Fún ọkọ tó ga, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọjà méjèèjì dáa fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fojú rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ́ìlì àti fáàfù inú ṣọ́ọ̀kì. Tó bá sì di dandan, ẹ tì í wọlé kí ẹ sì fà á jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá: ibikíbi tó bá ti ṣófo, tí kò ní agídí, ó ti bàjẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán, kò gbọ́dọ̀ ní ojú ìpáta.

Mẹkáníìkì mi ní òun lè lu ṣọ́ọ̀kì náà, kí òun da ọ́ìlì tuntun sí i, kí òun sì jó o pa.

Ẹ má gbà fún un. Bó bá jẹ́ onítúùbù kan, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ lè ta irin sí i lójú tàbí láyà, iná wẹ́ẹ̀dà sì lè mú kó bú. Àní bí kò bá bú, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti lù kò ní agbára gáàsì mọ́, ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i kì í sì í ṣe irú tó bá fáàfù rẹ̀ mu. Èyí tí wọ́n ṣe kó lè ṣeé tú ní fáàfù gáàsì àti skúrù tirẹ̀, a kì í lù ú.

Kí ni kí n máa ṣọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i?

Sípíríǹgì iwájú ló léwu jù. Agbára tí wọ́n fi fún un pọ̀ lè pa èèyàn. Tí mẹkáníìkì kò bá ní irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì, tó wá ń fi okùn tàbí wáyà dè é, ẹ gba ọkọ yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Èkejì, bóòtù tó gba inú búṣì rọ́bà kọjá. Wọ́n á fi í sí i nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ láìkan ilẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ọkọ bá dúró lórí táyà rẹ̀ ni wọ́n máa tó fún un le. Bí wọ́n bá fún un le nígbà tí táyà ń rọ̀, búṣì á wà ní lílọ́ títí ayé, kò sì ní pẹ́ ya.

Lẹ́yìn ọkọ, ẹ wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so axle mọ́ fáàfù bíréèkì. Ọ̀pọ̀ Hilux àti Tacoma àtijọ́ ní in. Irin yẹn ló ń sọ fún fáàfù bóyá ẹrù wà lẹ́yìn. Tí ẹ̀yìn ọkọ bá ti ga, fáàfù á rò pé ọkọ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé irin náà tẹ̀lé bí ọkọ ṣe ga tó. Ẹ tẹnu mọ́ ọn, torí àwọn tó ń rántí rẹ̀ kò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ẹ sì rẹ iná iwájú sílẹ̀, torí ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí báyìí.

Mo fẹ́ kó ga ju ínṣì 3 lọ ńkọ́?

Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì nìkan. Upper arm tuntun, ìrọ̀sílẹ̀ dífù iwájú (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà) torí CV joint, họ́ọ̀sì bíréèkì tó gùn: ẹ ṣètò gbogbo wọn pọ̀, tàbí kí ẹ dúró sí ínṣì 2. Èmi á dúró sí 2.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, ọkọ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo atẹ́gùn táyà: táyà ẹrù tó nípọn tí wọ́n fẹ́ jù máa ń le bí igi. Ẹ tún lọ sábẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ọkọ ti jókòó sórí rọ́bà bump stop tàbí ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán ní ìdúró lásán. Tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún fún gbogbo bóòtù le lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500 sí 800. Tó bá ṣì ń gbá yín sókè nínú gálọ́ọ̀pù kéékèèké, ṣọ́ọ̀kì náà le ju ìwọ̀n ọkọ yín lọ, ẹ gbé e padà lọ pààrọ̀ nígbà tí ìwé ẹ̀rí ọjà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.